Iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má ra ilé: bí a ṣe ń ṣe àdéhùn ìjọba àti aládàáni lórí ètò ìlera

Mo wà nínú ìgbìmọ̀ kan rí tó ń yẹ ìwé àdéhùn iléewòsàn wò kí ìjọba tó fọwọ́ sí i. Ní ojú ewé kan, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé agbaṣẹ́ṣe á rí sí i pé iná ò ní dín ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo wákàtí inú oṣù. Gbogbo wa mirí, a ti fẹ́ ṣí ìwé sójú ewé tó kàn. Àfi ìyá kan tó jẹ́ ọ̀gá àwọn agbẹ̀bí, tó fa fóònù rẹ̀ yọ, tó ń tẹ nọ́ńbà. Oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́ ní wákàtí 720. Ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ wákàtí 36. Ó gbójú sókè, ó ní: "Ẹ̀yin ọ̀gá, wákàtí mẹ́rìndínlógójì yìí, ṣé wọ́n lè lò ó tán lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣé ó lè bọ́ sí òru, kí ẹnì kan máa rọbí lọ́wọ́?" A tú ìwé náà síwá sẹ́yìn. Kò sí ohun tó ní kó má rí bẹ́ẹ̀.

Iye owó ńlá tó wà lójú ewé àkọ́kọ́ la ti fi ọjọ́ mẹ́ta jiyàn lé lórí. Gbólóhùn kékeré tó lè pa ìyá àti ọmọ, díẹ̀ ló kù ká gbójú fò ó. Ìdí tí mo fi ń kọ ìtọ́sọ́nà yìí nìyẹn, fún ẹ̀yin tí wọ́n lè ní kẹ́ ẹ wá dá sí irú ìwé bẹ́ẹ̀: òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìlera, ọmọ ìgbìmọ̀ iléewòsàn, aṣòfin, aṣojú aráàlú. Iṣẹ́ tó máa dé ara aláìsàn ni ìjọba ń fowó rà nínú irú àdéhùn yìí. Tẹ́ ẹ bá di ìyẹn mú, ẹ ó mọ ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti dúró wo ìwé náà dáadáa.

Kó lè yé wa bákan náà: àjọṣepọ̀ ìjọba àti aládàáni ni àdéhùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí aládàáni ti ń fi owó tàbí ìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, tí òun náà ń gbé lára ewu ibẹ̀, tó sì jẹ́ pé ìjọba ṣì ni aráàlú máa bi bí nǹkan bá wọ́. Bí ewu kankan ò bá sí lọ́rùn aládàáni, kòńtíráàtì lásán ni. Bí ìjọba bá sì ti yọwọ́ yọsẹ̀ pátápátá, títà ni wọ́n tà á.

1. Ẹ kọ ìṣòro náà sílẹ̀, ẹ má tíì dárúkọ ojútùú

Gbólóhùn kan tàbí méjì ti tó. "A nílò iléewòsàn tuntun" kì í ṣe ìṣòro, ojútùú tí ẹnì kan ti mú wá látilé ni. Ìṣòro máa ń rí báyìí: "Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀ ń rìnrìn àjò wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kí wọ́n tó lè bá a fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀." Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ wá ìdí rẹ̀ lọ. Ṣé ẹ̀rọ ni kò sí? Àbí ẹ̀rọ wà, omi tó mọ́ tó ni kò sí? Àbí gbogbo rẹ̀ wà, nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n lò ló ti bá tirẹ̀ lọ?

Ohun tí àìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń fà, ẹ wo Kẹ́ńyà. Láti 2015, ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá ẹ̀rọ ìṣègùn lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá fún iléewòsàn 98, ó kéré tán méjì ní káúntì kọ̀ọ̀kan (ẹ̀ka ìjọba tó dà bí ìpínlẹ̀) nínú káúntì 47 tí wọ́n ní. Èrò náà dára: kí aláìsàn má ṣe máa lọ sí olú ìlú nítorí àwòrán inú ara tàbí ẹ̀jẹ̀ fífọ̀. Àwọn ibì kan jàǹfààní rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní àwọn ibòmíì, ẹ̀rọ dé, kò sí yàrá tó gbà á, tàbí iná tó lè gbé e, tàbí dókítà tó lè ka àwòrán tó bá yà. Ẹ̀rọ jókòó sójú kan, owó ìyálò ń lọ. Àwọn káúntì ń ráhùn pé wọn ò bá àwọn sọ ọ́ dáadáa kó tó dé. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé aṣòfin àgbà wọn, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde láti tú u wò.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó pe aládàáni kankan, ẹ lọ sí ibi tí iṣẹ́ náà máa wà, ẹ jókòó níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ bi nọ́ọ̀sì, ẹ bi ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ẹ bi ìyá tó gbé ọmọ sẹ́yìn tó ti ń dúró láti aago méje. Ohun tí wọ́n bá sọ lẹ máa fi kọ gbólóhùn méjì yẹn.

2. Ẹ yan irú àjọṣepọ̀ tó bá ìṣòro náà mu

Oríṣi rẹ̀ pọ̀, àmọ́ mẹ́rin lẹ máa ń bá pàdé jù. Èyí tó kéré jù ni kí aládàáni máa ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú iléewòsàn ìjọba: láàbù, ẹ̀jẹ̀ fífọ̀, yíya àwòrán inú ara. Òmíràn ni kó yá ìjọba ní ẹ̀rọ, kó sì máa tún un ṣe. Ìkẹta ni kó fi owó tó wá kiri kọ́ ilé, kó máa bójú tó ilé náà fún ọdún 25 tàbí 30, kí dókítà àti nọ́ọ̀sì ìjọba máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, kí ìjọba sì máa san owó lọ́dọọdún. Ọ̀nà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kọ́ ọ̀pọ̀ iléewòsàn rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní 1992, ìjọba ibẹ̀ sì kéde ní 2018 pé àwọn ò ní fọwọ́ sí tuntun mọ́. Ìkẹrin ló wúwo jù: kí aládàáni kọ́ ilé, kó gba dókítà, kó sì tọ́jú aláìsàn fúnra rẹ̀. Irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ní Alzira lórílẹ̀-èdè Sípéènì, àti ní Lesotho.

Ìmọ̀ràn mi ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kékeré. Ìjọba tí kò tíì lè bójú tó kòńtíráàtì àwọn tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kó má tíì lọ fọwọ́ sí àdéhùn ọdún méjìdínlógún lórí odindi iléewòsàn. Ìmọ̀ tẹ́ ẹ bá kó jọ lórí láàbù kan láàárín ọdún mẹ́ta, ẹ ò lè rí i rà níbì kankan.

3. Ẹ ṣírò owó náà dé ọdún tó kẹ́yìn

Ibí yìí ni mo máa ń ní káwọn èèyàn ti mú sùúrù jù, torí ibí ni wọ́n ti máa ń kánjú jù. Nígbà tí wọ́n bá sọ fún ìjọba pé kò ní mú kọ́bọ̀ jáde títí iléewòsàn á fi dúró, ó máa ń dà bí ẹ̀bùn. Gbèsè ni. Owó èlé tí báǹkì ń gbà lọ́wọ́ aládàáni sábà máa ń ju èyí tí ìjọba lè rí yá lọ, èrè aládàáni tún wà lórí ìyẹn. Kì í ṣe pé kó máà jèrè o. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ohun tó máa ṣe fún aláìsàn tí ìjọba ò lè ṣe fúnra rẹ̀, tó fi yẹ ká san èyí tó lé yẹn.

Ẹ ya bébà sí méjì. Lápá kan, ẹ kọ iye tó máa ná ìjọba bó bá ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, látorí ilé kíkọ́ dórí owó oṣù àti àtúnṣe òrùlé ní ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Lápá kejì, ẹ kọ gbogbo owó tí ìjọba máa san fún aládàáni, lọ́dọọdún, títí àdéhùn á fi parí. Lẹ́yìn náà, ẹ wá dán nọ́ńbà náà wò pẹ̀lú ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

Bí àwọn aláìsàn bá kéré ńkọ́? Ká ní ẹ ṣèlérí pé aláìsàn 40 á máa lo ẹ̀rọ kan lójúmọ́, tó wá jẹ́ pé 22 ló ń wá. Owó àwọn 18 tí kò sí níbẹ̀ á máa jáde lójoojúmọ́. Bí owó ilẹ̀ yín bá já wálẹ̀ ńkọ́? Tí owó ẹ̀rọ bá jẹ́ dọ́là, tí owó orí tí ìjọba ń gbà sì jẹ́ owó ìbílẹ̀, ìwé kan náà tó rọrùn láti san lónìí lè di ẹrù tó ń tẹ orí mọ́lẹ̀ lọ́dún kẹta. Ọ̀wọ́ngógó ńkọ́? Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ bí iye owó á ṣe máa gòkè lọ́dọọdún, kẹ́ ẹ ṣe ìṣírò rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Má fi ojú inú ṣe é.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn rárá ni pé: bí iléewòsàn náà bá dára gan-an ńkọ́?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lesotho nìyẹn. Ní 2008, ìjọba fọwọ́ sí àdéhùn ọdún 18 pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Tsepong, tí Netcare, ilé-iṣẹ́ oníléewòsàn ti South Africa, léwájú rẹ̀. Ní 2011, wọ́n ṣí Queen Mamohato Memorial Hospital ní Maseru, olú ìlú wọn, láti fi rọ́pò iléewòsàn Queen Elizabeth II tó ti gbó. Ká sọ òótọ́, ìtọ́jú dára sí i níbẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe fi hàn pé ìwọ̀n àwọn tó ń kú lára àwọn tí wọ́n gbà sílé ìwòsàn náà kéré sí ti àtijọ́ gan-an. Àmọ́ gbèdéke wà nínú àdéhùn: aláìsàn 20,000 tí wọ́n á dá sórí bẹ́ẹ̀dì lọ́dún, àti 310,000 tí wọ́n á wá gba ìtọ́jú, tí wọ́n á padà sílé láìsùn síbẹ̀. Ẹni tó bá ti lé lórí ìyẹn, ìjọba á san owó mìíràn lé e. Ta ni kò ní lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú èèyàn dáadáa? Èrò ya lọ síbẹ̀. Ní 2014, Oxfam, àjọ kan tó ń gbógun ti òṣì, kọ ọ́ pé iléewòsàn kan ṣoṣo yẹn ń gba ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún ètò ìsúná ìlera orílẹ̀-èdè náà. Báǹkì Àgbáyé ní iye náà kò tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá a lọ bẹ́ẹ̀, ìjà owó láàárín ìjọba àti Tsepong kò sì tán, títí ìjọba fi fòpin sí àdéhùn náà ní 2021, nígbà tó ṣì ku ọdún mélòó kan kó pé.

Fún ìdí yìí, ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣírò iye tẹ́ ẹ máa san bí aláìsàn bá fi ìdá mẹ́rin kan lé sí iye tẹ́ ẹ rò. Bí ìṣírò náà bá bà yín lẹ́rù, ẹ padà lọ dúnàádúrà lórí owó àwọn tó bá lé. Owó aláìsàn kan tó lé yẹ kó dín sí ti àkọ́kọ́, torí wọ́n ti kọ́ ilé tán, wọ́n ti ra ẹ̀rọ tán.

4. Ẹ pín ewu náà, kí olúkúlùkù mọ tirẹ̀

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ kọ gbogbo ohun tó lè bàjẹ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa gbé e síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òfin tí mo máa ń tẹ̀ lé rọrùn: ẹni tó lè dí i lọ́nà kó má ṣẹlẹ̀ ni kó gbé e. Ilé tí kò parí lásìkò, ti agbaṣẹ́ṣe ni. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́, tirẹ̀ náà ni. Òfin tuntun tí ìjọba ṣe tó mú kí iṣẹ́ wọ́n sí i, ti ìjọba ni. Àjàkálẹ̀ àrùn kò ní ẹni tó lè dá a dúró nínú àwọn méjèèjì, ẹ jọ pín in, kẹ́ ẹ sì kọ bẹ́ ẹ ṣe máa pín in kí àrùn tó dé, torí pé lọ́jọ́ tó bá dé, kò sẹ́ni tó máa ráyè jókòó dúnàádúrà.

Síbẹ̀, ewu kan wà tí kò lè kúrò lọ́rùn ìjọba láé. Carillion, ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé tó ń kọ́ iléewòsàn Royal Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kógbá sílé ní oṣù Kìn-ín-ní 2018, ilé ò tíì parí. Lórí ìwé, aládàáni ló yẹ kó gbé ewu yẹn, àwọn tó dókòwò síbẹ̀ sì pàdánù owó lóòótọ́. Àmọ́ àwọn aráàlú Liverpool kò lè máa dúró de ilé ẹjọ́, àfi kí ìjọba gba iṣẹ́ náà padà sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ọdún 2022 ni iléewòsàn tuntun náà tó ṣí. Nítorí náà, ẹ béèrè ìwé owó gbogbo ilé-iṣẹ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ tó fẹ́ gbaṣẹ́, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kékeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan. Ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé báǹkì tó yá wọn lówó gbọ́dọ̀ wá ẹlòmíì tó máa parí iṣẹ́ náà láàárín ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fi sí i.

5. Ẹ kọ iṣẹ́ náà lọ́nà tí ẹnikẹ́ni á fi lè wọ̀n ọ́n

Ẹ jẹ́ ká padà sórí iná wa yẹn. Ó gbà wá tó ọ̀sẹ̀ méjì ká tó tún gbólóhùn kan náà kọ. Ohun tó wá wà níbẹ̀ nígbẹ̀yìn ni pé ní yàrá ìgbẹ̀bí, yàrá iṣẹ́ abẹ àti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, iná kò gbọ́dọ̀ lọ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ, ní ọjọ́ kankan, fún ìdí kankan. Ní ìyókù iléewòsàn, bó bá lọ, kò gbọ́dọ̀ tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mítà tó ń kọ àkókò sílẹ̀ fúnra rẹ̀ la máa wò, ẹ̀dà rẹ̀ á sì máa dé ọ̀dọ̀ ìjọba lójoojúmọ́. Ìgbàkígbà tó bá kọjá gbèdéke ní yàrá mẹ́ta yẹn, iye báyìí á kúrò nínú owó oṣù náà láìjiyàn. Ìyá agbẹ̀bí yẹn ló ka gbogbo rẹ̀ sókè fún wa kó tó gbà pé ó ti tó.

Ohun mẹ́rin ló wà nínú gbólóhùn yẹn, òun náà ni kẹ́ ẹ máa wá nínú gbogbo òṣùwọ̀n tí wọ́n bá kọ síwájú yín: kí la ń kà, níbo la ti ń kà á, ta ló ń kà á, àti kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí owó. Bí ọ̀kan bá sọnù nínú mẹ́rin, ìlérí ẹnu ni. Ẹ ṣọ́ra fún "ìtọ́jú tó péye", "láìfi àkókò ṣòfò", "gẹ́gẹ́ bó ti yẹ". Wọ́n dùn létí, kò sẹ́ni tó lè fi wọ́n gba ìtanràn.

Ó ṣeé ṣe. Ní Salvador, ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, wọ́n ṣí Hospital do Subúrbio ní 2010 lábẹ́ àjọṣepọ̀ irú èyí, ìyẹn àkọ́kọ́ ní ẹ̀ka ìlera lórílẹ̀-èdè náà. Lábẹ́ àdéhùn yẹn, owó tí ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó o ń gbà kò dúró sójú kan: ìwọ̀n iṣẹ́ tó ṣe àti bí iṣẹ́ náà ṣe dára tó ni wọ́n fi ń pinnu rẹ̀, ìpínlẹ̀ ló sì ń sanwó, aláìsàn kì í san kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ bá ń kà ni wọ́n á máa ṣe, èyí tẹ́ ò kà á máa ṣá tì. Tẹ́ ẹ bá ń sanwó lórí iye iṣẹ́ abẹ, iṣẹ́ abẹ á pọ̀, títí kan èyí tí kò pọn dandan. Tẹ́ ẹ bá ń sanwó torí pé ikú kéré, wọ́n lè máa darí àwọn tó sún mọ́ ikú sí ibòmíì kí wọ́n lè kú síbẹ̀. Ẹ ka àwọn tí wọ́n darí náà, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ lé wọn dé ibi tí wọ́n gbé wọn lọ.

Alzira gba ọ̀nà mìíràn. Láti 1999, iye kan pàtó ni ìjọba Valencia, ẹkùn tí Alzira wà, ń san lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń gbé ní agbègbè náà, yálà ó ṣàìsàn tàbí kò ṣàìsàn. Bí èèyàn agbègbè náà bá lọ gba ìtọ́jú níbòmíì, ilé-iṣẹ́ náà ló máa san án. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe yí ìrònú padà: aládàáni wá ní ìdí láti fẹ́ kí ara àwọn èèyàn le, kí wọ́n má sì sá lọ. Síbẹ̀ àdéhùn àkọ́kọ́ yẹn kò dọ́gba, torí iléewòsàn ńlá nìkan ló wà níbẹ̀, àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tó wà ládùúgbò kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ní 2003, wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi àwọn yẹn kún un.

6. Ta ni wọ́n máa dá padà lẹ́nu ọ̀nà?

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba: iye tí aláìsàn máa san, àwọn tí kò ní san rárá, àti ẹni tó máa sanwó wọn. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún "ìlànà tí ilé-iṣẹ́ náà bá gbé kalẹ̀". Ẹ kọ ọ́ pé ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu kò gbọ́dọ̀ dúró nítorí owó, pé wọn ò gbọ́dọ̀ dá òkú dúró nítorí gbèsè, pé ìyá kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́lé ìwòsàn lẹ́yìn tó ti bímọ tán torí pé ọkọ rẹ̀ ń wá owó kiri. Lẹ́yìn náà, ẹ rán ẹni tí wọn ò mọ̀ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí aláìsàn tí kò lówó lọ́wọ́. Ohun tó bá rí lẹ́nu ọ̀nà, tí àkọsílẹ̀ wọn bá sọ ohun mìíràn, tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

7. Ẹ bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ ṣáájú

Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ kan náà, ní ìlú kan náà, tí owó oṣù rẹ̀ kéré sí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ torí pé aládàáni ló gbà á, kò ní dákẹ́. Ní Maseru, ohun tó bẹ́ sílẹ̀ ní 2021 nìyẹn: àwọn nọ́ọ̀sì dáṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní káwọn náà máa gba iye táwọn ti iléewòsàn ìjọba ń gbà, Tsepong sì lé ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ wọn. Aláìsàn ló jìyà rẹ̀. Ẹ pe àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kí àdéhùn tó parí, kẹ́ ẹ kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì àti ìgbéga wọn, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tí aládàáni máa ṣe nígbàkígbà tí ìjọba bá fowó kún owó oṣù tirẹ̀.

8. Ẹ jẹ́ kí wọ́n díje níta gbangba

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo bá yọjú, ẹ dá iṣẹ́ náà dúró, kẹ́ ẹ wá ìdí tí àwọn yòókù fi sá. Bí ẹnì kan bá gbé àbá tirẹ̀ wá fúnra rẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé àbá náà síta kí àwọn mìíràn wá bá a díje. Tẹ́ ẹ bá sì ti fọwọ́ sí i tán, ẹ gbé gbogbo ìwé àdéhùn náà síbi tí aráàlú ti lè kà á. Wọ́n á sọ fún yín pé àṣírí òwò wà níbẹ̀. Àwọn iye owó kan lè jẹ́ àṣírí, àmọ́ òṣùwọ̀n iṣẹ́ àti ìtanràn kì í ṣe àṣírí, torí aráàlú ni wọ́n ń ṣe é fún.

9. Ẹ gbé àwọn tó máa ṣọ́ àdéhùn náà kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn kan, mo lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó o, mo ní mo fẹ́ wo ibi tí wọ́n kọ ìtanràn sí. Ọ̀gá tó fọwọ́ sí i ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ́bìnrin akọ̀wé ibẹ̀ gbé fáìlì kan jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, eruku bo o. A ṣí i. Àsomọ́ kìn-ín-ní wà, ìkejì wà. Àsomọ́ kẹta, èyí tí iye ìtanràn wà nínú rẹ̀, ti já kúrò, ihò tí wọ́n fi pín-ìn-nì lu nìkan ló kù. Agbaṣẹ́ṣe la lọ bẹ̀ pé kó fún wa ní ẹ̀dà ìwé tó yẹ ká fi mú un. Ní gbogbo ọdún márùn-ún yẹn, wọn ò gba ìtanràn kankan rí.

Èèyàn mẹ́rin lẹ nílò, ó kéré tán: ẹni tó mọ ìwé owó kà, ẹni tó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú, ẹni tó mọ ẹ̀rọ àti ilé, àti agbẹjọ́rò tẹ́ ẹ lè pè. Ẹ fi owó oṣù wọn sínú ètò ìsúná láti ọdún kìn-ín-ní dé èyí tó kẹ́yìn. Kí wọ́n wà níbi tí wọ́n ti ń dúnàádúrà, kí wọ́n lè mọ ìdí tí wọ́n fi kọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe ẹ̀dà àdéhùn náà sí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fún ọ̀gá wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tó máa fi kọ ohun tó bá kù díẹ̀ káàtó, lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an, pẹ̀lú aago. Lóṣooṣù, kí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ wọ́ọ̀dù àti ìwé tí agbaṣẹ́ṣe mú wá sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ìtanràn àkọ́kọ́ tó bá yẹ, kódà bó kéré bí ẹyọ irun, ẹ gbà á. Ẹni tẹ́ ẹ bá fojú fo ọ̀ràn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìyàlẹ́nu ló máa jẹ́ fún un lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ìkẹrin, á sì sọ nílé ẹjọ́ pé ẹ ti gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìyípadà tẹ́ ẹ bá ṣe sí àdéhùn, bó ti wù kó kéré, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan ṣoṣo pẹ̀lú iye tó náni. Àwọn àfikún kéékèèké yẹn ló máa ń di òkè.

10. Ẹ ti mọ ọ̀nà àbájáde látìbẹ̀rẹ̀

Gbogbo àdéhùn yìí ló máa parí lọ́jọ́ kan, bó bá pé tàbí kó má pé. Ní 2018, ìjọba Valencia gba iléewòsàn Alzira padà sọ́wọ́ ara rẹ̀ nígbà tí àdéhùn tán. Ti Lesotho kò dé òpin rẹ̀. Nínú méjèèjì, aláìsàn wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíì, iṣẹ́ ò sì gbọ́dọ̀ dúró.

Ẹ kọ irú ipò tí ilé àti ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà lọ́jọ́ ìpadàbọ̀, kí onímọ̀ ẹ̀rọ tí kò ṣe ti ẹnì kankan lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, kẹ́ ẹ sì máa dá lára owó wọn dúró láti ìgbà náà títí wọ́n á fi tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ẹ kọ iye tí ìjọba máa san bó bá fẹ́ fòpin sí i láìpé, lọ́tọ̀ fún ìgbà tí aládàáni bá jẹ̀bi, àti lọ́tọ̀ fún ìgbà tí ìjọba kàn yí ọkàn padà. Ẹ kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sáwọn òṣìṣẹ́.

Àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ló kù, òun ló sì máa ń bọ́ sọnù jù. Ẹ kọ ọ́ pé ti ìjọba ni, láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Lẹ́yìn náà, ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ẹ ní kí wọ́n kó ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ wá, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tiyín, láìlo ẹ̀rọ tàbí ọ̀rọ̀ ìwọlé ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ mú aláìsàn mẹ́wàá níbẹ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ nípa wọn. Bí ẹ ò bá rí orúkọ oògùn tí wọ́n ń lò àti ọjọ́ tí wọ́n wá kẹ́yìn, ẹ dá owó oṣù yẹn dúró títí ẹ ó fi rí i.